ÌDÍLÉ ONÍGBÀGBỌ́: Ta Ló Kọ Lẹ́tà sí Ọmọ Tó Wà Lókè Òkun?

 

Ní oṣù tó kọjá, arákùnrin kan nínú ìjọ wa pàdé mi lẹ́bàá ọ̀nà ní Mọ́níyà. Ó ní, "Pásítọ̀ wa, wọ́n ní wọ́n fẹ́ mú ọmọ mi lọ sí ilẹ̀ Jámánì fún oṣù márùn-ún. Wọ́n ní yóò kàwé níbẹ̀, yóò sì padà wá parí èyí tó ń kà níhìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà? Àbí ọgbọ́n àti gbé ọmọ sá lọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ìbéèrè rẹ̀ rán mi létí ọmọbìnrin kan tí èmi fúnra mi jẹ ní gbèsè. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ọmọ náà àti lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ kí n tó kọ ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé ìwé rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ dá arákùnrin wa lóhùn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é. Èyí tí a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù lọ ni Erasmus, tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ láàrin ara wọn ní ọdún 1987, tí wọ́n sì wá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà náà nígbà tó yá. Orúkọ ọmọ yóò ṣì wà ní yunifásítì tirẹ̀ nílé. Kò ní san owó ilé ìwé níbi tó ń lọ, wọn yóò sì máa fún un ní owó tí yóò fi gba yàrá tí yóò fi jẹun lóṣooṣù, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ lórí owó ọkọ̀ òfuurufú. Ìwé àdéhùn kan wà níbẹ̀ tí ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí: ọmọ fúnra rẹ̀, yunifásítì ilé, àti yunifásítì òkèèrè. Inú ìwé yìí ni wọ́n ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe lọ́hùn-ún sí, kí àwọn olùkọ́ ilé lè kà á sí i lọ́rùn nígbà tó bá dé. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀wé, ẹ béèrè ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á sí yín létí. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kàwé Faransé ní yunifásítì wa láyé àtijọ́, àṣà ni pé kí wọ́n lọ lo ọdún kan níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà, ìbáà ṣe ilẹ̀ Faransé gan-an, ìbáà ṣe Dakar tàbí Lomé. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ọdún 1986, apá kò ká a mọ́. Ìjọba wá dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Badagry, ní 1991, kí ọmọ lè lọ sí òkè òkun láì kọjá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀.

Èdè Faransé yìí náà ni ọmọ tí mo ń wí ń kọ́. Abúlé wọn wà ní ìhà Ìjàyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Bàbá rẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ìyá rẹ̀ ń yan gàrí. Ẹ̀yin tó mọ ìtàn mọ̀ pé Ìjàyè kì í ṣe ìlú kékeré nígbà ayé Kúrunmí, kí ogun tó tú u ní 1862. Ibẹ̀ ni míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà nì, T. J. Bowen, jókòó sí ní nǹkan bí ọdún 1853, tó ń kọ́ èdè lẹ́nu àwọn baba ńlá wa bí ọmọ ilé ìwé, títí ó fi ṣe ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Mo máa ń rò ó pé ta ló ń se oúnjẹ fún un o? Ta ló ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà tó bá fi ohùn òkè pe ohun tó yẹ kó fi ohùn ìsàlẹ̀ pè? Ẹni tó lọ kọ́ èdè ní ilé onílé, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọmọdé níyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n.

Àwọn olùkọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọmọ yìí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn sì tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rán aṣọ, wọ́n ń ta omi inú ọ̀rá, òun ń wá físà. Nígbà tí físà jáde ní oṣù kẹjọ, gbogbo wa sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n owó àkọ́kọ́ kò ní wọlé àfi tó bá ti dé ọ̀hún. Bàbá rẹ̀ ta ewúrẹ́ méjì àti gbogbo àgbàdo tó kórè lọ́dún náà. Ìjọ dá owó. Mo rántí ìyá àgbà kan tó tú ẹ̀gbẹ̀rún méjì náírà láti inú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tí a gbàdúrà ìdágbére fún un, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Mo wàásù láti inú Dáníẹ́lì orí kìn-ín-ní, bí àwa pásítọ̀ ti máa ń ṣe bí ọmọ bá fẹ́ rìnrìn àjò. Mo ní kí ó má ba ara rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ ọba. Mo ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Mo wá gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní, "Ìwọ ni Jósẹ́fù wa!" Ìjọ pariwo Àmín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ìyá rẹ̀ di gàrí, ó di èlùbọ́, ó di ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ tó ti sá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí: òfin Yúróòpù kò gbà kí èrò kó ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti ilẹ̀ wa. Ẹja ni wọ́n gbà, kó má ti ju kílò 20 lọ. Àwọn aṣọ́bodè kó ẹran náà, wọ́n sì jù ú sínú ike ìdọ̀tí lójú rẹ̀. Ọmọ náà kò sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbàkígbà tí ìyá bá béèrè lórí fóònù pé ẹran ńkọ́, yóò ní, "Ẹran yẹn dùn gan-an, Màámi." Oṣù márùn-ún gbáko ni ó fi jẹ ẹran tí kò sí.

Nínú ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, yúrò 3 àti sẹ́ńtì 30 ni àwo oúnjẹ kan lọ́dún náà. Ó ní òun máa ń ṣírò rẹ̀ sí náírà, yóò sì gbé àwo padà. Mo gbọ́ èyí lẹ́yìn tó dé, ó dùn mí. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kò gbọdọ̀ fi owó ọjà Mọ́níyà díwọ̀n oúnjẹ ibòmíràn. Ẹni tí ebi ń pa kò lè kọ́ èdè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn rẹ̀. Àwọn Faransé ní "ẹ" àti "ìwọ" tiwọn, bí àwa náà ti ní in. *Vous* ni "ẹ", *tu* ni "ìwọ". Ọmọ tí a kọ́ nílé tó gbẹ̀kọ́, ó ń fi *vous* pe gbogbo ènìyàn, títí dé orí àwọn ọmọ ọdún 19 tí wọ́n jọ jókòó. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé nítorí àwọ̀ òun ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnì kan tó sọ fún un pé láàrin ọmọ ilé ìwé, *vous* dà bí ẹni tó ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí i pé ìwà rere ilé kan lè di òkè láàrin ọmọ àti àwọn tó fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àdúrà ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Àwa la kọ́ ọmọ yìí pé aago méjìlá òru ni kí ó máa dìde, kí ó gbé ohùn sókè, kí ó pàtẹ́wọ́, kí ó bá ọ̀tá jà. Ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri ilé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fẹ́lẹ́. Ní òru kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ní òru kẹrin, wọ́n tún kàn án. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ pé bí ó bá tún dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ oorun, yóò fi yàrá sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó yá, ó ní òun kò gbọ́ iná nínú ara òun mọ́. Ó rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti fi òun sílẹ̀ nítorí pé òun bẹ̀rù ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá, ó dákẹ́ pátápátá. Ní oṣù kejìlá ilẹ̀ ọ̀hún, kí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Yóò wọ yàrá, yóò tilẹ̀kùn, ó di ọjọ́ kejì.

Ní ìparí oṣù kọkànlá yẹn ni ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ béèrè bóyá Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà tí kò lóhùn."

Mo gbọ́ ìlàjì rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìrókò, mo ní n ó fèsì lálẹ́. Alẹ́ lẹ́, mo gbàgbé. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà, mo lọ gbàdúrà sórí Micra tuntun arákùnrin kan, mo lọ síbi ìkómọjáde méjì, mo ṣe ìpàdé àwọn alàgbà lórí ọ̀rọ̀ àga ike. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó rántí. N kò ní àwíjàre. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì kọ́, nẹ́tíwọ̀kì kọ́. Mo kà á sí pé ọmọ tó ti dé òkè òkun ti bọ́ nínú ìyà, àwa tó wà nílé ni à ń jà.

Nígbà tí mo wá fèsì, mo ní kí ó ṣí Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí kìn-ín-ní, kí ó wo Hánà nínú tẹ́ńpìlì. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Élì tó jẹ́ àlùfáà rò pé ó mutí yó, ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbọ́, Sámúẹ́lì sì dé. Mo ní, "Èmi ni Élì tìrẹ, ọmọ mi. Dárí jì mí." Ó sunkún, èmi náà sì sunkún. Mo tún béèrè lọ́wọ́ arákùnrin kan tó ti wà nínú NIFES nígbà tó wà ní yunifásítì, ó sì sọ fún mi pé ẹgbẹ́ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n òun àbúrò pẹ̀lú NIFES wà ní ilẹ̀ Faransé, Groupes Bibliques Universitaires ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà wá wọn rí. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà nínú yàrá kan, tí ọ̀kan wá láti Ivory Coast, wọ́n ń ka Ìhìnrere Máàkù. Kò sí ìlù, kò sí àtẹ́wọ́. Wọ́n ń béèrè ìbéèrè lórí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tó ń darí wọn. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé wọn kò ní Ẹ̀mí. Ní ìgbà kẹta, wọ́n ní kí ó gbàdúrà ní èdè Yorùbá, wọ́n sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ó fi parí.

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU sílẹ̀ ní London ní 1925, tí wọ́n sì ṣí ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ní 1933, ohun tó fà á ni pé àwọn onílé ń tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọmọ kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ìwé nìkan kọ́ ló ń ṣòro lókè òkun.

Ó padà dé ní oṣù kejì ọdún 2023. Ẹ rántí oṣù yẹn. Ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ owó náírà ló gbòde. Owó àtijọ́ kò ṣe é ná, tuntun kò sí ní báńkì. Àwọn tó ń ra gàrí kò rí owó fún ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ tí yóò fi lọ pàdé ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Ọ̀kan nínú ẹbí wọn ní Èkó ló gbà á sílé, ó sì wọ rélùwéè lọ́jọ́ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Ọlọ́kadà tó gbé òun àti bàbá rẹ̀ dé abúlé, kóńgò gàrí méjì ni wọ́n fi san owó rẹ̀.

Àjò kò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ìbá dùn ká ní ilé gbà á dáadáa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ènìyàn ti kún ojúde. Wọ́n gbọ́ pé owó òyìnbó kò ní wàhálà náírà tuntun. Ẹni kan fẹ́ ra oògùn, ẹni kan fẹ́ san owó ìdánwò ọmọ, ẹni kan kàn fẹ́ kí wọ́n mú òun náà dání. Èyí tó kù lọ́wọ́ ọmọ náà kò ju yúrò 40 lọ. Ó wọ yàrá, ìyá rẹ̀ ń sọ fún wọn pé ó ń sùn. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan nínú ìjọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé Jósẹ́fù kò ní fún àwọn arákùnrin rẹ̀ ní ọkà ni?"

Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún mi, ó gún mi lọ́kàn. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo dúró lórí pẹpẹ, mo ka iye owó tó ń gbà lóṣù, mo ka iye tí yàrá gbà, mo ka iye tí oúnjẹ gbà. Mo ní, "Èmi ni mo pè é ní Jósẹ́fù. Ọlọ́run kò pè é bẹ́ẹ̀." Àwọn kan kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyà ìwé náà tún wà. Nígbà tó dé ilẹ̀ Faransé, wọ́n ti yí àkókò iṣẹ́ méjì padà, ó sì ní láti fi òmíràn rọ́pò wọn. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ilé fọwọ́ sí àyípadà náà, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, nígbà tí wọ́n sì wọlé, ìwé rẹ̀ ti há sábẹ́ ìwé mìíràn. Iṣẹ́ méjèèjì tó ti yege nínú wọn lọ́hùn-ún, wọn kò kà wọ́n sí i lọ́rùn. Àárín àwọn àbúrò rẹ̀ ló jókòó sí láti tún wọn ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ béèrè ìwé àdéhùn. Bí ohunkóhun bá yí padà, kí ọmọ má jókòó, kí ó máa kọ̀wé, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ohun tó bá kọ.

Ó wá ku ti àwọn alàgbà. Àwọn méjì tọ̀ mí wá ní oṣù kẹta. Wọ́n ní ọmọ náà kì í pariwo mọ́ tí a bá ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Wọ́n ní ó béèrè ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi pé kí ni ìdí tí Jésù fi ń sọ fún àwọn tó wò sàn pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, olùkọ́ kò sì rí ìdáhùn. Ọ̀kan ní, "Pásítọ̀, òyìnbó ti fọ̀ ọ́ lórí." Wọ́n fẹ́ kí a fi sí ìtúsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ààwẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Láàrin oṣù márùn-ún tó fi wà lọ́hùn-ún, ta nínú wa ló fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí i?" Wọ́n dákẹ́. Ìyá ìjọ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ní, "Àràárọ̀ ni mo ń dárúkọ rẹ̀ níwájú Olúwa. N kò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún un." A kò ṣe ìtúsílẹ̀ kankan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka Jeremáyà orí 29 pọ̀ mọ́ Dáníẹ́lì orí kìn-ín-ní. Ẹ̀ka méjì ọ̀rọ̀ kan náà ni. Gbogbo wa la mọ Dáníẹ́lì, nítorí pé ẹrù ọmọ ló wà níbẹ̀. A sì máa ń gbàgbé pé ọmọ yìí kọ́ èdè àti ìwé àwọn ará Kálídíà, ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún un, àti pé orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó ti fàlà sí, kò jà. Ó tọrọ àyè pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá dán àwọn wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò dá wà, àwọn mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ẹrù ilé ló wà nínú Jeremáyà. Wòlíì jókòó ní Jerúsálẹ́mù, ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà ní Bábílónì. Kò ní àǹfààní fóònù. Ó wá ọ̀nà, ó fi lẹ́tà náà rán Élásà ọmọ Ṣáfánì àti Gemaráyà ọmọ Hilikáyà, àwọn tí ọba ń rán lọ sí Bábílónì níṣẹ́ tirẹ̀. Nínú lẹ́tà náà, kò béèrè ohun tí wọ́n máa kó bọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà.

Ìwé kan wà lórí tábìlì nínú yàrá pásítọ̀ ní ìjọ wa báyìí. Orúkọ gbogbo ọmọ wa tó wà lájò ló wà níbẹ̀, ti ilé ìwé, ti iṣẹ́, ti ológun. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdílé kan ni yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan, bí ó jẹ́ ohùn, bí ó jẹ́ lẹ́tà. Ọmọbìnrin wa ló ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ tiwọn. Ó ti parí yunifásítì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé, ó sì wà lára àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi wa. Ìbéèrè rẹ̀ kò tíì tán.

Mo sọ gbogbo èyí fún arákùnrin tó pàdé mi ní Mọ́níyà. A ti kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú ìwé náà, a ó sì gbàdúrà fún un kí ó tó lọ. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú tó kọjá, ó ní òun ti ra ẹja gbígbẹ, ṣé wọ́n kò ní gbà á lọ́wọ́ ọmọ òun? Mo ní kí ó lọ wọ̀n ọ́n wá.